Wáìnì Tí Mo Ní Kí Vivian Kọ́kọ́ Mu

                                        Ilé Olóògbé Olúsànyà,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìjù-Odò,
                                        Òkìtìpupa,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọmọ́wùmí,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Àkúrẹ́? Bàbá Jésùtómi ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Jésùtómi náà ńkọ́, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òjò tó kọ̀ tí kò fẹ́ lọ yìí. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìjókòó ayọ̀.

Ní tèmi, ara le. Mò ń rí púpurù mi jẹ, oorun ń wá. Bí o bá gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé Aníwúrà ti ya wèrè, pé mo dá ìsìn ìkórè dúró nítorí ìgò ọtí kan, má bá wọn jiyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jókòó kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé ààbọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wáìnì ìgò ti gbówó lórí ni àlùfáà wa ti ní kí n máa ṣe èyí tí ìjọ ń lò fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Olúsànyà ọkọ mi ló ń gbin ọ̀pẹ òyìnbó, èmi ni mò ń pọn ọtí rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í tilẹ̀ fẹnu kàn án, ọgbẹ́ inú kò jẹ́. Á kàn gbé imú lé ẹnu kẹ́ẹ̀gì, á fa òórùn rẹ̀ símú, á ní, "Ìyá Joy, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì." Kì í sì í ṣì í. Nígbà tí àrùn kíndìnrín mú un lọ lọ́dún tó kọjá, mo rò pé kò sí ohun tó tún lè dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé Vivian ṣì ń bọ̀.

Vivian yìí, ìyàwó Dominic ni, Dominic àbúrò ọkọ mi. Agbo ilé kan náà la wà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí tèmi. Nínú oṣù kẹfà, lọ́jọ́ tí mo lọ sóko ní Ìkọ̀yà, ó dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin, ó ní ọtí tí mò ń pọn ló jẹ ọkọ mi ní kíndìnrín, pé ṣé ọtí tó pa baálé ilé ni ìjọ Ọlọ́run yóò máa mu? Kí n tó dé, wọ́n ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ti gbé e fún ẹni tó sọ̀rọ̀. Helen tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà ló wá sọ fún mi, ó ń sọ ọ́, ó ń sunkún. Èmi ò sunkún. Mo lọ síbi tí a sin Olúsànyà sí, mo ní kó máa sùn, èmi kò ní í sùn.

Mo mọ̀ pé Bíbélì ní ti Olúwa ni ẹ̀san. Mo gbà. Mo kàn rò ó pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Rẹ̀, kí n bá A gbé díẹ̀ níbẹ̀.

Vivian ti bá mi ṣe wáìnì lẹ́ẹ̀mejì rí, ó sì gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe ló rí, kò bi mí rí pé kí ló dé tí mo fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń bó ẹ̀gúsí, mò ń wò ó. Ọ̀pẹ òyìnbó tó rà, ìdajì rẹ̀ ni kò tíì pọ́n. Èmi, èyí tí òórùn rẹ̀ ti gba ilé kan tí kò sì tíì rọ̀ ni mo máa ń mú. Ó gé e, ó gún un, ó fi aṣọ funfun fún omi rẹ̀, ó da ṣúgà sí i. Ó ṣe dáadáa níbẹ̀, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó wá kan ohun tí yóò jẹ́ kó hó. Èmi kì í lo yíìsì búrẹ́dì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí ògùrọ̀ ni mò ń lò, èyí tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bọ̀ láàárọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ọ̀sán ni Vivian ra tiẹ̀. Mò ń bó ẹ̀gúsí mi lọ. Gbogbo ìwọ̀nyí, wáìnì ṣì lè fara dà á.

Kẹ́ẹ̀gì ni kò ní àforíjì. O mọ̀ wá nílẹ̀ Ìkálẹ̀, kò sí ilé tí kò ní kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Tí epo bá tán nínú rẹ̀, a ó da omi gbígbóná, ọṣẹ àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a ó mì ín títí, a ó sá a sóòrùn, yóò sì funfun bíi tuntun. Irọ́ ni. Epo ti wọ ara ike náà. Omi kò lè rí i fà jáde, ṣùgbọ́n ọtí á fà á díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kẹ́ẹ̀gì wáìnì mi fi ń gbé abẹ́ ibùsùn mi, tí ti epo sì ń gbé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta tí ọtí rẹ̀ ti ń hó nínú ike ńlá, Vivian rò pé mo ti lọ sọ́jà. Ó yọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná mi, ó kó kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́ta tí mo ti fọ̀ sílẹ̀, ó ń yọ̀ pé òun rí kẹ́ẹ̀gì wáìnì Aníwúrà jí. Mo wà lójú fèrèsé. Ẹnu mi ti là láti pè é, mo fi ọwọ́ ara mi bò ó.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, Ọmọ́wùmí. Ó ki rọ́bà tín-ín-rín bọ inú ọmọrí kẹ́ẹ̀gì bó ṣe rí i lọ́dọ̀ mi, ó ti ẹnu kejì rẹ̀ bọ inú ìgò omi, kí afẹ́fẹ́ ọtí lè máa jáde kí ti ìta má sì wọlé. Pọ́-pọ́-pọ́ ló ń dún. Tó bá fẹ́ kọjá níwájú mi, orin ìyìn ni. Èmi náà á ní, "Vivian, iṣẹ́ ń lọ o." Á ní, "A dúpẹ́, Ìyá Joy." Nínú yàrá mi, mo ti pọn tèmi láti ara ọ̀pẹ òyìnbó tí Olúsànyà gbìn kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi rọ́bà fa ojú rẹ̀ kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, mi ò kánjú, títí ó fi mọ́ tó jẹ́ pé tí o bá gbé ìgò rẹ̀ sójú Bíbélì, wàá kà á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mi ò sọ fún ẹnì kan.

Ọjọ́ ìkórè pé, ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí. Vivian wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Àlùfáà bu díẹ̀ nínú wáìnì rẹ̀ kó tọ́ ọ wò kó tó dà á sínú ife, bó ṣe máa ń ṣe. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi áńkáṣífì nu ètè, epo hàn gbangba lára áńkáṣífì funfun náà. Nígbà tí wọ́n gbé ìgò sókè, epo pupa ṣe òrùka yí ojú rẹ̀ ká, òórùn rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níwájú. Helen ní ọbẹ̀ ni, ó ku ẹja. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú. Háà, ọ̀rẹ́ mi! Ó dùn mọ́ mi nínú ju oyin lọ, mi ò ní í fi pamọ́ fún ọ.

Bàbá ìjọ wá tẹ̀ bá mi lórí ìjókòó, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé kò ní í sí díẹ̀ nílé. Mo ní ó wà. Mo gun ọ̀kadà, mo lọ, mo gbé ìgò kan dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlùfáà nawọ́ sí i, mi ò fi lé e lọ́wọ́. Mo kọjú sí ìjọ. Mo ní, "Wọ́n ti sọ fún yín pé ọtí yìí ló pa Olúsànyà. Kò tíì di ohun mímọ́, ọtí ilé lásán ni. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni kó jáde wá, kó kọ́kọ́ mu ún, kí n má baà pa ìjọ Ọlọ́run. Tó bá mọ̀ pé òótọ́ lòun sọ, kó má mu ún. Màá gbé ìgò mi, ẹ ò sì ní í rí mi níbí mọ́."

Dominic sorí kodò. Àlùfáà ní, "Ìyá Joy, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní kí wọ́n má bínú. Vivian dìde, ó jáde wá. Mo bu ife kan kún dẹ́múdẹ́mú fún un, kì í sì í ṣe ife kékeré. Ó wo ife, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ojú mi. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni ẹ̀rù bà mí, mo jẹ́wọ́ fún ọ, nítorí tí kò bá mu ún, ìyẹn ni pé èmi ni mo pa ọkọ mi títí ayé. Ó gbé e sẹ́nu. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì, ó mu ún tán pátápátá. Ìyá àgbà kan bi í láti ẹ̀yìn pé ṣé ó dùn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ó dùn. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ìgò fún àlùfáà, gbogbo ìjọ sì mu.

Wọ́n ti wá bẹ̀ mí pé kí n dárí jì í. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò tíì dárí jì í, Ọmọ́wùmí, má jẹ́ kí n purọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ kejì ìkórè, ní àràárọ̀, mo máa ń dúró láàárín agbo ilé, màá gbóhùn sókè kí àwọn ará ẹ̀yìn ọjà lè gbọ́, màá ní, "Vivian, ṣé o jí?" Á dáhùn láti inú ilé pé, "Mo jí, mà." Dominic ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ṣé kíkí èèyàn ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Joy ọmọ mi yóò gbé ìgò méjì bọ̀ wá fún yín. Ibi tútù ni kí o gbé e sí, má sì jẹ́ kí Bàbá Jésùtómi mu ún tán lọ́jọ́ kan. Bá mi kí wọn gan-an, kí o sì bá mi kí Jésùtómi. Helen ní kí n kí ọ. Dominic náà kí ọ. Vivian kí ọ pẹ̀lú. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti mu ún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí ni, kò tíì kú.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé,
                                        Aníwúrà.