Nítorí Ọ̀kùn Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ìdí-Obì,
Òjòwò,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Òkúdù, 2016.

Rachel, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú òjò yìí. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá ọmọ rẹ ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé o ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi láìjẹ́ pé ẹnìkan dì ọ́ mú? Mo gbọ́ pé omi ti kún dé ẹnu ọ̀nà yín ní Òde-Omi. Kí Olúwa máa ṣọ́ yín. Èmi náà wà, àìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nìkan ló ń dà mí láàmú.

Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá Doyin sí ẹ̀yìnkùlé ni ilé yìí ti tóbi jù fún mi. Kánádà ni Doyin wà. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì máa ń wà nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn lóṣù Èrèlé, nígbà tí Adémúyìwá, ọmọ Ìwópin kan tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, wá gba yàrá lọ́wọ́ mi. O ò ní gbà gbọ́: nítorí ọ̀kùn ló ṣe wá. Ọ̀kùn tí a máa ń da iyọ̀ sí lára yìí náà ni iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe. Ó ní ewé kòkó àti ewé obì tó ń jẹrà lẹ́yìnkùlé mi ló kó wọn jọ, àwọn ló sì ń sọ ewé di ilẹ̀dú. Láràárọ̀ ló ń lóṣòó sáàárín ewé, á fi kútẹ́ẹ̀sì funfun sàmì sí wọn lẹ́yìn, á kà wọ́n, á kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi á gbé tíì lọ bá a. Á máa ṣàlàyé fún mi pé bí ọ̀kùn bá ká, ẹ̀rù ló ń bà á. Mo fẹ́ràn àsìkò tíì yẹn ju oúnjẹ lọ.

Níparí oṣù tó kọjá, ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí òun parí, kí òun kó lọ. Ó ní àfi tí nǹkan bá ṣe àwọn ọ̀kùn náà nìkan ni òun máa tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn oṣù mẹ́rin mìíràn. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

O mọ ohun tí à ń wí fún òkú: má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o bá wọn jẹ. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Múyìwá lọ sílé ẹ̀kọ́, mo da kẹrosíìnì yí ibojì Bàbá Doyin ká, mo dà á sáàárín gbogbo ewé. Ìyá Bashiru tí ilé wa jọ kángun síra yọjú, mo ní mi ò lè máa wo ọ̀kùn alámì funfun kí wọ́n máa rìn lórí ọkọ mi. Ó ní mo ṣeun, pé opó wo ló lè fara dà á. Kó tó di ọ̀sán, àdúgbò ti gbọ́, wọ́n ń bá mi kẹ́dùn.

Ìwọ nìkan ni mo lè sọ òótọ́ fún. Kì í ṣe nítorí òkú. Mo fẹ́ kí ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ ni, kó má tíì lọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ojú sì ń tì mí gidigidi.

Bá mi kí bàbá ọmọ rẹ àti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin yín. Bí omi bá fà, jọ̀wọ́, wá sùn tì mí fún ọjọ́ mélòó kan. Yàrá ti ṣófo.

Ohun tí mi ò tíì sọ ni bí ọmọ náà ṣe lọ. Nígbà tó dé lọ́jọ́ náà, mo ti ń se ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n Ìyá Bashiru ti pàdé rẹ̀ lójú títì, ó ti bá a wí pé ó kó ọ̀kùn ká ibojì olóògbé. Lọ́jọ́ kejì ló gbé àpò rẹ̀ jáde. Ó ní olùkọ́ òun ti fún òun láyè nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ lòun á ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí òun má baà tún bà mí nínú jẹ́. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú mi.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mi ò ro ti Bàbá rárá.”

Rachel, mo ní mo ti forí jì í.

Èmi ni tìrẹ, bí ti àtẹ̀yìnwá,
Grace.