Ohùn Akólòlò Lókè Odò

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdu
Mo dé ahéré yìí lánàá. Àga kan, ibùsùn kan, bàsíà tí mo fi ń fọ bàtà òjò kí n tó wọ omi, kí n má baà gbé àrùn lọ bá àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Bí wọ́n bá ṣì wà. Ọdún kọkànlá mi rèé létí odò yìí. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ka igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Lọ́dún tó kọjá, ẹyọ kan péré. Ọ̀gá ti sọ ojú abẹ níkòó: bí n kò bá rí ìkankan kí ọjọ́ kẹrìnlá tó pé, wọn á fi odò lé àwọn tó ń fọ́ òkúta lọ́wọ́. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Kò sí.

Ọjọ́rú, 5
Mo ṣí ogójì òkúta, mo dá gbogbo wọn padà bí mo ṣe bá wọn. Ìbàdí ń bá mi ṣẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè: ó ní ọ̀pọ̀lọ́ ni mò ń wá kiri, ọkọ tó wá mi wá, mo lé e lọ. A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pa fóònù, ahéré dákẹ́ jù.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo gbé Akólòlò jáde. Akọ tí mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ni — ó máa ń kọsẹ̀ níbi igbe ìkẹta, ni mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí akọ bá gbọ́ ohùn akọ mìíràn ládùúgbò rẹ̀, tìjàtìjà ló máa ń dáhùn. Mo gbé sípíkà sétí omi láàárọ̀ kùtù, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó bínú.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ó DÁHÙN! Lókè odò, lẹ́yìn àpáta ńlá. Mo tẹ tèmi, ó ké tirẹ̀. Ó tún kọsẹ̀ níbi ìkẹta — ọmọ Akólòlò ni, ẹni bíni là á jọ. Mo sunkún, n ò ní purọ́. Mo pe Ọ̀gá. Ó bi mí bóyá mo fojú rí i. Mo ní etí mi tó. Ó ní òun á dá àwọn afọ́kùúta dúró. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Lánàá, lónìí, ó ń dáhùn. Mo ti ń kí i káàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ó kéré tán, mo ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo fẹ́ yàwòrán rẹ̀. Mo yí àpáta náà ká. Bàbá kan jókòó sórí àpò, sípíkà lórí orúnkún. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ọ́fíìsì mìíràn ló rán an wá ka ọ̀pọ̀lọ́ kan náà. Ọjọ́ Ẹtì ló dé. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó sunkún.

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ti ń dá mi lóhùn látìgbà tí mo ti dé.”

Mo fa sípíkà tèmi yọ. Ó wò ó, ó tẹ tirẹ̀. Akólòlò kan náà ló wà nínú tirẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo pín ohùn náà fún gbogbo ọ́fíìsì lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Àwa méjèèjì là ń dá ara wa lóhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Tíṣà wá, kò wojú mi. Ó ní àwa nìkan la mọ̀. Tí a bá panu mọ́, odò á wà. Mo rò ó. Mo rò ó gan-an ni.

Ọjọ́rú, 12
Mo pe Ọ̀gá. Mo ní kò sí. Tí mo bá purọ́ ẹyọ kan yìí, igba ó lé mẹ́tàdínlógún ọjọ́sí náà á di irọ́. Ó kí mi pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13
Tíṣà wá dágbére. A pa sípíkà méjèèjì, a jókòó títí oòrùn fi kan omi. Omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó ké lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọsẹ̀ níbi ìkẹta. Tíṣà ṣí fìlà lórí.