Abala Tó Tẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera. Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ara tèmi le, àyàfi orúnkún mi tó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò lépo. Ìyá rẹ náà kí ọ. Òun ló ní kí n kọ̀wé, nítorí o ò gbé fóònù wa mọ́. Torí náà, jókòó dáadáa, ìbáwí díẹ̀ ń bọ̀.

Ọ̀gá yín ní yàrá ìwádìí pè mí. Ó ní láti ìgbà tí àwòrán ẹ̀yìn ìyá rẹ ti jáde, o ò yọjú síbi iṣẹ́ mọ́. Ó ní o sọ pé ohun tí o fi gbogbo ìgbà èwe rẹ ṣe ló wá dá ẹjọ́ ikú fún ìyá rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Àmọ́ o ò sí nínú yàrá ẹ́síréè lọ́jọ́ náà, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣe nǹkan wà níbi tí wọ́n ti ń dán an wò. Èmi wà níbẹ̀.

O mọ ohun tí ojú ìyá rẹ ti rí lórí pátákó ẹ́síréè àtijọ́ yẹn, tó le gbagidi. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, wọ́n á ní kó na gbalaja. Á ké, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, àwòrán á dàrú, dókítà á sì ní ọjọ́ ogbó ni, kó lọ máa lo oògùn ara ríro. Èmi tí mo ń rán gbogbo aṣọ rẹ̀ mọ ẹ̀yìn yẹn. Bí mo bá ń gé aṣọ fún un, mo máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn gùn ju iwájú lọ, kó lè balẹ̀ dọ́gba. N kò tíì rí ẹlòmíràn tó ṣe nǹkan kan ní ìwọ̀n ẹ̀yìn yẹn rí.

Nígbà tí obìnrin ayàwòrán ẹ́síréè tú abala rírọ̀ tí ẹ ṣe fún gbígba àwòrán jáde, mo rò pé ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo tábìlì ni. Mo nawọ́ láti fọwọ́ pa á wò bí mo ṣe ń ṣe sí aṣọ, obìnrin náà sì gbá mi lọ́wọ́ bí ọmọdé. Ìyá rẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bó ṣe tù ú lára. Obìnrin náà fi abala náà mọ́ ọn lẹ́yìn, ó tẹ̀ níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí. Èmi àti obìnrin náà bọ́ sẹ́yìn gíláàsì. Ìyá rẹ ṣì ń ròyìn rẹ láti orí ibùsùn, bó o ṣe máa ń tú rédíò wa palẹ̀ ní kékeré. Nígbà tí a padà wọlé, ó ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Wọ́n ti parí. Omi bọ́ lójú mi, ọmọ mi.

Mo rántí ọjọ́ tó o ṣàlàyé fún wa ní pálọ̀ pé ojú kò lè rí ìtànṣán ẹ́síréè, àfi kí nǹkan kan gbé e mì, kó sì sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà lè rí. O ní ohun líle bí òkúta dídán ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, pé èròjà tó bá ike tan lẹ fẹ́ fi ṣe tiyín, kó lè rọ̀. Èyí àkọ́kọ́ kò mọ́lẹ̀ tó. Òmíràn pọ́n rúsúrúsú, ó sì bàjẹ́. Òmíràn kọ̀, kò kú: ìtànṣán ti lọ, ó ṣì ń tàn, ó sì ń da àwòrán tó tẹ̀ lé e rú. O sunkún lórí ìyẹn. Ìyá rẹ ní, "Olórí kunkun bíi tìẹ ni." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, òótọ́ ọ̀rọ̀. Àwòrán náà mọ́ kedere. Àrùn jẹjẹrẹ ti wọ eegun ẹ̀yìn ìyá rẹ, ó ti pẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ìtọ́jú tó lè lé e lọ pátápátá. Mo sunkún níwájú dókítà, n kò tijú. Ṣùgbọ́n àrùn yẹn wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Abala tìrẹ kọ́ ló fi í síbẹ̀. Wọ́n ti wá mọ ojú ibi tí wọ́n máa dojú ìtọ́jú kọ, ìrora sì ti dínkù. Ìyá rẹ ń sùn báyìí. Ó ń hanrun, èmi ni n kò rí oorun sùn mọ́.

Obìnrin ayàwòrán bi mí pé ìgbà wo ni abala náà máa padà. Ó ní ìdánwò ti dúró nítorí rẹ, àwọn tí ẹ̀yìn wọn tẹ̀ sì wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tún ń na wọ́n gbalaja lórí pátákó.

Mo bẹ̀ ọ́, padà síbi iṣẹ́. Kó o tó padà, wá wo ìyá rẹ. Ọjọ́ tó kù fún un kò pọ̀, n kò ní parọ́ fún ọ, kò sì fẹ́ fi wọ́n pe fóònù tí ẹnì kan kò gbé.

Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní di ìbànújẹ́ fún ọ. Àwọn tí o kò mọ̀ rí á máa ṣàdúrà fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Bàbá Abẹ́rẹ́, bí ìyá rẹ ṣe ń pè mí.

Àfikún: Ìyá rẹ gba ẹ̀dà àwòrán náà, ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé pálọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gbà á kọjá. Bí àlejò bá wọlé, á ní, "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ mi." Lánàá, aládùúgbò wa kan wò ó títí, ojú rẹ̀ fà ro, ó sì na ìka sí ibi tí àrùn náà wà. Ìyá rẹ ní, "Ibẹ̀ kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ wò."