Ẹ Má Pa Ojúlówó Orin Afọnfèrè Rẹ́

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ilé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023.

Olùdarí,
Àkójọ Orin Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì,
Ilé Ìkàwé Gbogbogbòò,
Àjà Kejì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ORIN MỌ́KÀNLÉLÓGÓJÌ TÍ Ọ́FÍÌSÌ YÍN FÚN PỌ̀ TÍ WỌ́N FI BÀJẸ́, ÀTI OJÚLÓWÓ WỌN TÍ Ẹ FẸ́ PA RẸ́ LÓṢÙ YÌÍ

1. Èmi ni ẹ̀gbọ́n obìnrin fún Afọnfèrè, ẹni tó fi ọdún méjìlá fọn fèrè fún àwọn aláìsàn nínú ọgbà ilé-ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Aránṣọ ni mí. Èmi ni mo ń rán aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Àbúrò mi kú ní oṣù kejì ọdún yìí. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló mú un lọ.

2. Kí ó tó kú, ó gba orin mọ́kànlélógójì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí pé aṣọ tó kún ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ohùn ta padà lára ògiri. Ó kó gbogbo wọn sínú dísìkì kan. Ó ní kí n kó o fún yín, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, MP3 ni a fi ń pín orin kiri, a kì í fi í tọ́jú u. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n lo FLAC." Mo bi í pé kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní méjèèjì ló ń mú kí fáìlì kéré, kí ó lè yá láti fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n FLAC dà bí aṣọ tí a ká dáadáa: bí a bá tú u, odidi aṣọ náà la óò bá. MP3 dà bí aṣọ tí a gé etí rẹ̀ kúrò kí ó lè wọ inú àpò. Bí a bá gé díẹ̀, ojú lè má rí i. Bí a bá gé e jù, ìhòòhò ni.

3. Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, mo kó dísìkì náà wá sí ọ́fíìsì yín. Kò sí ẹ̀dà mìíràn nílé, nítorí kọ̀ǹpútà àbúrò mi ti kú ṣáájú rẹ̀. Mo kọ FLAC sínú fọ́ọ̀mù yín ní lẹ́tà gàdàgbà, akọ̀wé tó wà ní tábìlì àkọ́kọ́ sì buwọ́ lù ú. Ó da gbogbo orin náà sínú dísìkì ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ni ó nu dísìkì tèmi mọ́ fínnífínní, ó wá dá a padà fún mi ní òfìfo. Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀. Nígbà tí mo padà lọ béèrè, ó ní òfin ọ́fíìsì ni, nítorí kòkòrò kọ̀ǹpútà.

4. Ní oṣù kẹfà, ẹ gbé orin náà jáde. Mo gbé fóònù sí etí ìyá wa, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tí ojú wọn kò ríran mọ́. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ni èyí?" Mo ní ọmọ yín ni. Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Ọmọ tèmi a máa mí. Èyí ń sunkún nínú agolo." Wọ́n na fóònù sí mi. Wọn kò béèrè rẹ̀ mọ́ títí di òní.

5. Mo wá wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlànà kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì yín fi ń ṣe gbogbo ohùn, ìyẹn ni èyí tí ẹ ń lò fún ìkéde pé ilé ìkàwé yóò ti ilẹ̀kùn ní aago márùn-ún. MP3 oní-kílóbíìtì mẹ́rìnlélógún ni, ìwọ̀n ohùn tó kéré jù nínú ẹ̀rọ yín. Ìlànà náà tún máa ń gé ibi gbogbo tó bá dákẹ́, ó sì máa ń nu ohunkóhun tó bá dún bí afẹ́fẹ́ dànù. Fèrè ni mo kó wá fún yín! Kí ló wà nínú fèrè bí kò ṣe afẹ́fẹ́? Ẹ̀yin Ọ̀gá, ó rí mi lára. Ẹni tí èémí di ọ̀wọ́n fún ní oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ẹ ka èémí rẹ̀ sí ìdọ̀tí, ẹ gbá a dà síta. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí fáìlì kéré, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

6. Mo kọ ìwé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní oṣù keje. Ohun tí ẹ fi dá mi lóhùn ló kó mi nírìíra jù lọ. Ọ́fíìsì yín kò padà sí ojúlówó orin. MP3 tó ti bàjẹ́ náà ni wọ́n mú, wọ́n sọ ọ́ di FLAC, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "A ti tún un ṣe." Fáìlì náà sì tóbi ní ìlọ́po ogún lóòótọ́. Ohùn inú agolo náà ló ṣì wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé yín ní, "Mọ́mì, FLAC tẹ́ ẹ béèrè rè é, ó sì ti tóbi. Kí lẹ tún ń fẹ́?" Mo ní kí ó jọ̀ọ́ gbọ́ ọ. Ó ní òun kò nílò àtigbọ́ ọ, òun ti wo ìwọ̀n rẹ̀.

Bí aránṣọ bá gé ṣòkòtò oníbàárà dé orúnkún, tó wá fi bébà lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ní ó ti gùn padà, wọn yóò lé e kúrò ní àdúgbò. Iṣẹ́ ọ̀bùn ni. Ẹ sì kọ orúkọ àbúrò mi sí i lára.

7. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti wá bá yín. Ẹ̀wù kóòtù yín tí ẹ fi kọ́ ẹ̀yìn àga nìkan ni mò ń bá. Aṣọ inú apá òsì rẹ̀ ti já. Bí kò bá jẹ́ pé ẹjọ́ ni mo bá wá, ǹ bá ti bá yín rán an. Ní ìgbà kẹrin ni mo ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ. Ó ní gbogbo ojúlówó fáìlì tó wà nínú dísìkì ọ́fíìsì ni ẹ óò pa rẹ́ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, láti fi àyè gba tuntun. Orin àbúrò mi wà nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe fi wọ́n sílẹ̀ gan-an. Wọn kò sí níbòmíràn láyé.

8. Ohun tí mo ń béèrè kò ju agbára yín lọ. Ẹ yọ àwọn orin yín tó bàjẹ́ náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe FLAC láti inú ojúlówó, kì í ṣe láti inú MP3. Fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó, mo fara mọ́ MP3, bí ó bá ti jẹ́ oní-kílóbíìtì igba ó dín mẹ́jọ, tí wọn kò sì gé ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Kí ẹ sì fún èmi náà ní ẹ̀dà ojúlówó. N óò mú dísìkì tuntun wá ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, n óò sì jókòó títí ẹ óò fi dé.

9. Ó ku ohun kan. Nínú orin kọkànlélógún, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kan wà níbẹ̀rẹ̀ tí kò tíì fọn fèrè. Mo wà níbẹ̀. Ó wúkọ́, ó wá rọra sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá máṣíìnì yẹn dúró ná. Ṣé ẹ fẹ́ rán orin mi mọ́ ṣòkòtò nọ́ọ̀sì ni?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìlànà yín ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ìdákẹ́jẹ́, ó gé e. Nínú gbogbo orin mọ́kànlélógójì, ibẹ̀ nìkan ni àbúrò mi ti la ẹnu sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó ní kí n dá máṣíìnì mi dúró, mo dá a dúró. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá tiyín náà dúró.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ìwé mi dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí n kò tíì rí ojú yín,
Ẹ̀gbọ́n Afọnfèrè,
Aránṣọ aṣọ iṣẹ́ ilé-ìwòsàn.