Ilẹ̀kùn Tí Ẹ Máa Ń Kàn Láràárọ̀

Màmá mi àtàtà,

Oṣù márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ. Mo ti kúrò ní Òkè Bọ́lá. Yàrá yín ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni mo ti ń kọ eléyìí, lórí tábìlì kékeré tí ẹ máa ń to oògùn yín lé. Ẹ ò kàwé, nítorí náà bí ẹ bá tilẹ̀ wà láyé, èmi náà ni ǹ bá kà á sí yín létí.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ yín ni Alhájì onílé pè mí láti Kánò, tí wọ́n ní kí kọ́kọ́rọ́ ilé ṣì wà lọ́wọ́ mi títí wọn yóò fi rí alámòójútó mìíràn. Mo gbà nítorí pé ojú ń tì mí láti kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọ́fíìsì wa ní Agodi, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe, òwò aṣọ ni mo máa ń sọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilé onílé ni ẹ ń tọ́jú, pé ẹ̀yin lẹ ń wá ẹni tó máa kó gọ́tà, pé ẹ̀yin lẹ ń làjà nígbà tí ìkòkò ẹnìkan bá pẹ́ jù lórí iná. Àwọn ayálégbé ń pè yín ní Ìyá Onílé, ẹ sì máa ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, "Mi ò nílé kankan o. Títọ́jú ni mo ń tọ́jú ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ojú mi ti là. Òrùlé ń jò sórí ẹ̀rọ ìránṣọ Ṣífáwù, aránṣọ tó ń gbé lókè. Káfíńtà tí mo pè kò wá. Omi kànga ń rùn. Àwọn méjì ń jà sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, wọ́n sì dúró kí n dá ẹjọ́ wọn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń ronú àwọn tí ẹ máa ń ránṣẹ́ pè, ẹni tó mọ òrùlé, ẹni tó mọ kànga. Ẹ ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Orí yín ni gbogbo rẹ̀ wà, ó sì bá yín lọ.

Àwọn àkísà tí ẹ so mọ́ kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyẹn, mo tú wọn dànù. Mo rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Mo fẹ́ fi nọ́ńbà rọ́pò wọn, mi ò sì tètè ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fi yíyí ilé po sílẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tí mo wá sùn sílé, tí mo gbọ́ yín lẹ́yìn àsùbáà, tí ẹ ń kan ilẹ̀kùn kan tẹ̀lé òmíràn, tí ẹ ò kúrò nídìí ọ̀kan títí ẹni inú rẹ̀ á fi dáhùn. Mo bínú sí yín.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn sùn."

Ẹ bọ́ sí ilẹ̀kùn tó kàn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí mo ti ń lọ síbi iṣẹ́, mo gbọ́ rédíò Bàbá Aláago. Bàbá arúgbó tó ń tún aago ṣe ní Ọjà'ba, tó ń dá gbé nísàlẹ̀. Mo kọjá. Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, rédíò ṣì ń dún, fèrèsé sì wà ní títì. Mo gun òkè lọ bá Ṣífáwù.

"Ṣé o rí Bàbá lónìí?"

"Rárá, Àǹtí. Màmá ló máa ń kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀. A rò pé ẹ ti kàn án."

Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Mo pe Bàbá, mo gbọ́ ìkérora. Kọ́kọ́rọ́ méjìlá ló wà lọ́wọ́ mi, kò sí èyí tó ní àmì. Mo ń ti ọ̀kan bọ̀ ọ́, mo ń yọ ọ́, mo ń ti òmíràn bọ̀ ọ́. Ìkẹsàn-án ló ṣí i. Wọ́n wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ètè wọn ti gbẹ. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ṣubú. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Egungun itan wọn ló kán. Mo ń lọ wò wọ́n ní ọsibítù lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kan, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé o mọ bí a ṣe mọ̀ pé ìyá ẹ ti kú?"

Mi ò mọ̀. Mi ò béèrè rí.

"Ilẹ̀ mọ́, wọn ò kan ilẹ̀kùn mi. Mo dúró díẹ̀. Ni mo bá dìde, mo lọ kan tiwọn."

Ọmọ Bàbá ti wá mú wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, kò sì dájú pé wọn yóò padà. Èmi ni mo gbá yàrá wọn. Mo rí àwọn ìdè aago wẹ́wẹ́ ní kọ̀rọ̀, mi ò lè kó wọn dànù. Ṣífáwù ti bá mi gé aṣọ tuntun so mọ́ àwọn kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí Alhájì pè pé àwọn ti rí ẹlòmíràn, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá a lọ. Mi ò lè ṣàlàyé ìdí.

Èmi náà ti ń kan ilẹ̀kùn báyìí. Àwọn kan ń fi ojú oorun dá mi lóhùn, àwọn mìíràn ń kùn. Bí mo bá parí, mo máa ń padà wọ yàrá yín, mo máa ń gbé omi kaná, mo sì máa ń jókòó. Ilé kún fún èèyàn, ṣùgbọ́n omi tí kò wá àti iná tó kú ni wọ́n ń bá mi sọ. Ṣé báyìí ló rí fún yín ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ta ni ẹ ń bá sọ tiyín?

Mo tún ń ro ti fóònù. Ẹ máa ń pè mí ní gbogbo àárọ̀, ẹ ò sì ní nǹkan kan pàtó láti sọ. Nígbà mìíràn mo máa ń jẹ́ kó dún títí yóò fi dákẹ́. Àṣé ilẹ̀kùn tèmi ni ẹ ń kàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ, kò dún. Bàbá Aláago, tí kì í ṣe ọmọ yín, dìde lórí ẹsẹ̀ àgbà láti wá wò yín. Èmi múra, mo lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì fura.

Ẹ forí jì mí.

Èmi ni, ọmọ yín tó ti padà sílé.