Bí Mo Ṣe Di Ọmọ Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ Lórí Fesibúùkù

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Kabusa, Àbújá.
9 Oṣù Kẹjọ, 2014.

Gàníyátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baba Ìbejì ńkọ́? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n kírun? Ọlọ́hun yóò tọ́jú wọn. Ní tèmi, ara le, aṣọ sì ń tà. Ìwọ tó o kọ̀ láti ra fóònù gidi ló jẹ́ kí n máa wá báírò kiri.

Ọ̀rọ̀ Sàkáríyà ni mo fẹ́ sọ, ọmọ Ọ̀yọ́ tí èmi àti ẹ̀ pàdé lórí Fesibúùkù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mí, pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Má rẹ́rìn-ín. Òun náà kọ ọ́ pé aláwàdà ni òun, ẹ̀rín sì ni gbogbo èsì rẹ̀. Nígbà tá a fojú kanra, ó jókòó síwájú mi bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò fẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ni mo bá pa ẹnu mi mọ́, kó má baà mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó mú mi lọ kí ìyá rẹ̀ ní Kuje. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, mà," mo sì dákẹ́. Ìyá dúró, wọ́n ń retí ìyókù. Ìyókù ò dé. Wọ́n béèrè àwọn ará ilé mi, mo ní wọ́n wà. Wọ́n pe ọmọ wọn wọ yàrá, ṣùgbọ́n kọ́tìnì lásán ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kai, Sàkáríyà, níbo lo ti rí èyí? Ṣé wọn kì í kí èèyàn nílé wọn ni? Mi ò fẹ́ agbéraga o."

Wọ́n ní àìmẹ́nu ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi, ẹnu tí mo mú ló kó o bá mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde wọlé tọ̀ wọ́n. Mo kí wọn kú ilé, mo kí wọn kú òtútù, mo tún kí wọn kú ewu ọmọ, Sàkáríyà tó ti hu irùngbọ̀n. Ìyá jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kódà, mo sọ bí ewúrẹ́ yín ṣe jẹ gèlè rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Nígbà tá à ń padà, Sàkáríyà ní ìyá òun ní kí òun tún mú mi wá, ṣùgbọ́n nínú èmi méjèèjì, èwo ni kí òun mú?

Mo ní kó mú ẹni tí ìyá rẹ̀ pè.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn, Gàníyátù. Gbogbo èyí tó ti ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí Fesibúùkù tẹ́lẹ̀, àwòrán lásán ni.

Bá mi kí Màmá àti Baba Ìbejì, kó o sì bá mi fa àwọn ìbejì létí.

Èmi ni tìrẹ, tẹnu tọkàn,
Balkis