Páànù Idẹ Bàbá Yín Kì í Ṣe Ohun Ààfin

Ilé-Ifẹ̀,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, 1996.

Bushrah ọmọ mi,

Àsàláàmù àléíkùn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí Èkó má gbà ọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ara wa le, ewúrẹ́ ti bí ìbejì, òrùlé ẹ̀yìn ṣì ń jò, àmọ́ ọkàn mi ti balẹ̀, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ṣé o rántí páànù idẹ tó ní ihò láàárín, tí bàbá yín fi sílẹ̀ lọ sọ́run, tí mo fi ń sá ata? Fọlákẹ́ ará ilé kejì rí i lóṣù tó kọjá, ó ní ohun àwọn baba ńlá Ifẹ̀ ni, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń hú irú ẹ̀, ààfin ló ni ín, ẹ̀wọ̀n sì ni fún ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tún wò mí, ó ní, ẹ̀yin ará Ẹdẹ, bí ẹni pé a wá jalè n'Ífẹ̀ ni. Mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó dùn mí jù ni pé mi ò lè ṣàdúà fún bàbá yín mọ́. Tí mo bá ti tẹ́wọ́, màá ní, àbí olè ni mo fẹ́ ni?

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo fi ìró wé e, mo gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Olúṣọlá ní àdúgbò Mayfair níbí, èyí tó ń kọ́ wọn lórin ní yunifásítì, tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka kàn án, ó dún títí. Ó ní aro ni, tí àwọn onílù jáàsì ń fi igi gbá. Ó ya fọ́tò ẹ̀, mo kọ́kọ́ nu ojú páànù náà dáadáa. A wá lọ síbi ẹ̀rọ fáàsì, wọ́n ní àwòrán náà á gba inú wáyà lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní London. Mo di páànù mú gírígírí kí wáyà má baà fà á mọ́ ọn. Ìwé wọlé, ó tún jáde lódì kejì. Mo ní wọn ò gbà á nìyẹn, wọ́n ti dá a padà.

Lọ́jọ́ kẹta, èsì dé. Àwọn lẹ́tà bíi ti Kùránì tó wà lára ẹ̀, orúkọ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ni, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ó ti tó àádọ́rin ọdún. Ọ̀gbẹ́ni Olúṣọlá fi ọṣẹ fọ abẹ́ ẹ̀, ọ̀dà pupa yọ: orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó, àti pé wọ́n tà á fún Kabir Àjíṣafẹ́, 1959. Bàbá yín gan-an! Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Rírà ló rà á.

Mo lọ bá Oyèbánjí ọ̀rẹ́ bàbá yín, mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní àwọn jọ ń lu jáàsì nígbà náà, láwọn Sátidé tí bàbá yín ń sọ fún mi pé oko kòkó lòun ń lọ. Ó ní kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ni bàbá yín tà láti fi ra aro náà. Kẹ̀kẹ́ yẹn, ọmọ mi, ó sọ fún mi pé olè jí i n'Ípetumodù ni. Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi ṣépè fún olè náà.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́, kí n fi ṣe sàráà, kí èpè yẹn kúrò lórí bàbá yín. Má fi sí báńkì, wọ́n máa ń da owó ẹni pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, tìrẹ gan-an ni mo fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ṣàdúà fún un lójúmọ́ báyìí, ọ̀kan fún àforíjì ẹ̀, ọ̀kan fún tèmi.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀, á fún ọ lọ́kọ tó máa ń sọ ibi tó ń lọ.

Èmi ìyá rẹ,
Sàdíátù